Ẹ̀rọ ìrìn ìgbàlódé fún yunifásítì: Ohun tó yẹ kí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé yẹ̀wò kí wọ́n tó náwó

Nígbà tí wọ́n bá gbé aláìsàn rọpárọsẹ̀ kan láti Àjàáwà, Ìkòyí-Ilé tàbí Ìrẹ́sà dé ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè méjì ni àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń bi dókítà. Àkọ́kọ́ ni pé ṣé yóò yè é? Bí wọ́n bá ti rí èsì ìyẹn gbà, èkejì kì í pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu wọn: ṣé yóò tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn? Ìbéèrè kejì yìí ló bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé kì í ṣe dókítà nìkan ló ń dáhùn rẹ̀. Àwọn físíò àti àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìdárayá ni wọ́n máa ń fi ọ̀pọ̀ oṣù dáhùn rẹ̀, ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì òkè òkun, ẹ̀rọ kan ti wọ inú ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Treadmill ni òyìnbó ń pè é, ẹ̀rọ ìrìn ni àwa yóò máa pè é níbí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ti rí i rí nínú fíìmù tàbí ní ilé àwọn ọlọ́rọ̀: rọ́bà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ títí tí òógùn yóò fi bò ó, síbẹ̀ tí kò kúrò lójú kan. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìtọ́jú aláìsàn yàtọ̀ sí ti àwọn tó fẹ́ fọn. Ó ní ìgbànú ńlá tí wọ́n fi ń so aláìsàn rọ̀ láti òkè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà ru gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè falẹ̀ bí ìgbín. Òmíràn ní irin tó ń di itan àti ojúgun mú, tó ń bá aláìsàn gbé ẹsẹ̀ tí kò lè gbé. Òmíràn sì ní ohun èlò lábẹ́ rọ́bà rẹ̀ tó ń ka agbára tí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì fi ń tẹ ilẹ̀, tí yóò sì gbé e jáde lójú kọ̀ǹpútà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹsẹ̀ kan ń rẹ́ èkejì jẹ.

Ṣé ó yẹ kí irú ẹ̀rọ báyìí wọ àwọn yunifásítì tó wà ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́? Lójú akọ̀ròyìn yìí, ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà gan-an ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú àwọn ohun tí a ó san owó lé lórí. Bí òun bá ṣíwájú, yàrá títì ni yóò máa gbé, aláìsàn kò sì ní mọ̀ pé ó wà.

Ibi tí ẹ̀rọ náà ti ṣẹ̀ wá yóò ya àwọn bàbá àti ìyá wa lẹ́nu. Ìyà ni wọ́n ṣe é fún. Ní 1818, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ William Cubitt ṣe àgbá ńlá kan tó ní àtẹ̀gùn yíká, wọ́n sì ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lé e lórí láti máa gùn ún fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóòjọ́. Títí di nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún náà ni wọ́n fi ń lò ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìlú Ọba. Ní 1952 ni Dókítà Robert Bruce, oníṣègùn ọkàn, àti Wayne Quinton, onímọ̀ ẹ̀rọ, ní Yunifásítì Washington tó wà ní Seattle, Amẹ́ríkà, sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di ohun èlò ilé ìwòsàn. Bruce yóò gbé aláìsàn sórí ẹ̀rọ, yóò so wáyà mọ́ ọn láyà, yóò sì máa wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń ṣe bí iṣẹ́ ṣe ń le sí i. Ìlànà tó gbé jáde ní 1963 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní. Ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìrìn kìlómítà 2.7 ní wákàtí kan lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga ní ìdá 10 nínú 100. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá pé, ìrìn á yá díẹ̀ sí i, òkè á sì ga díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ti gun Òkè Mápó ní Ìbàdàn rí láìdúró sinmi yóò mọ ohun tí dókítà náà ń wá. Ọkàn tí kò dá ṣáṣá lè fara pa mọ́ nígbà tí ènìyàn bá jókòó, ṣùgbọ́n kì í lè fara pa mọ́ lórí òkè.

Nígbà tó di ẹ̀wádún 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ ní Kánádà àti ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tàbí tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa, rọ̀ sórí ẹ̀rọ ìrìn láti tún kọ́ wọn ní ìrìn. Ilé iṣẹ́ Hocoma ní Switzerland fi irin tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹsẹ̀ kún un, wọ́n pe tiwọn ní Lokomat. Robert Whalen, tó ń ṣiṣẹ́ ní NASA, ilé iṣẹ́ tó ń fi ènìyàn ránṣẹ́ sí òfurufú, ronú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò fi máa ti ara lọ sílẹ̀ kí àwọn tó wà ní òfurufú lè sáré. Nígbà tí wọ́n yí èrò náà padà kí afẹ́fẹ́ máa gbé ara sókè, ó di ẹ̀rọ AlterG, tó lè mú ìdá 80 nínú 100 ìwúwo ara kúrò lórí orúnkún tó ń ro ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ìṣègùn òyìnbó kì í ṣe àlejò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti 1907 tí Dókítà George Green, míṣọ́nnárì ìjọ Baptist, ti dé sí ìlú náà ni iṣẹ́ ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ilé ìwòsàn tí gbogbo wa mọ̀ sí Baptist Medical Centre sì di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Bowen University ní 2009. LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìlú kan náà. Ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ Emmanuel Alayande, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa ti jáde, ti di yunifásítì lábẹ́ ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé. Ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo Ọ̀yọ́ ń pè ní SPED, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977 láti kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá sì gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ, Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ físíò láti 1966, òun ló sì ṣe àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nítorí náà, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ló wọ́n wa.

Aláìsàn náà kò sì wọ́n wa. Ìwádìí ńlá kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2018 lórí aláìsàn rọpárọsẹ̀ tó lé ní 2,000 ní Nàìjíríà àti Gánà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fa àrùn náà láàrin wa. Ẹ wá fi àwọn tí ọ̀kadà gbé ṣubú kún un, àti àwọn tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ń ṣe ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà tí iṣẹ́ rẹ̀ ti falẹ̀ láti ayé ìjọba kan dé òmíràn. Gbogbo wọn ló nílò ẹni tí yóò tún kọ́ wọn ní ìrìn.

Kí wá ni ẹ̀rọ náà lè ṣe fún wọn? Ibí yìí gan-an ló yẹ kí àwọn tó ń ṣètò owó ka ìwé dáadáa, nítorí pé ohun tí olùtajà ń sọ àti ohun tí ìwádìí sọ kò fi gbogbo ara jọra.

Ní 2011, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde tí Pamela Duncan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà. Aláìsàn rọpárọsẹ̀ 408 ló kópa nínú rẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ìrìn lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú okùn tó ń gbé wọn ró ní oṣù kejì lẹ́yìn àìsàn. Àwọn kan dúró di oṣù kẹfà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Àwọn tó kù kò fojú kan ẹ̀rọ rárá, físíò ló ń lọ bá wọn nílé, tó ń mú kí wọ́n máa dìde, kí wọ́n máa jókòó, kí wọ́n máa dúró láì ṣubú, kí iṣan wọn lè le. Ìgbà 36 ni wọ́n ṣètò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 90 nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọdún kan pé, ìdá 52 nínú 100 gbogbo wọn ni ìrìn wọn ti sàn dé ìpele tó ga ju ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó lo ẹ̀rọ kò sì ju àwọn tí físíò lọ bá nílé lọ. Kódà, láàrin àwọn tí àìsàn náà le fún jù, àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ló ṣubú léraléra jù.

Owó ẹ̀rọ nílé àwọn tó ní iná tí kì í lọ, tí ẹni tó ń tún un ṣe sì wà ní ìkángun àdúgbò! Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó yẹ kí àwa fara balẹ̀.

Kì í ṣe pé ìwádìí náà ní ẹ̀rọ kò wúlò. Àjọ Cochrane, tó máa ń kó àbọ̀ ìwádìí jọ láti gbogbo àgbáyé, wo ìwádìí 56 lórí ẹ̀rọ ìrìn ní 2017, ènìyàn 3,105 ló sì wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ náà kì í mú kí ẹni tí kò lè rìn rárá tètè dá rìn ju ìtọ́jú mìíràn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń rìn díẹ̀ máa ń rìn kíákíá sí i, ó sì máa ń rìn jìnnà sí i. Ní 2020, wọ́n tún wo ti àwọn ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn gbé ẹsẹ̀, ìwádìí 62, ènìyàn 2,440. Níbẹ̀, bí wọ́n bá lo ẹ̀rọ pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ físíò, àwọn tó ń dá rìn máa ń pọ̀ sí i, pàápàá láàrin oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ àti láàrin àwọn tí kò lè rìn rárá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà: pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ físíò. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹ̀rọ nìkan tó.

Ilé tiwa náà ní àbọ̀ tirẹ̀. Ní 2011 kan náà, Olawale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn 60. Apá kan fi ìrìn lórí ẹ̀rọ kún ìtọ́jú wọn, apá kan fi ìrìn lórí ilẹ̀ lásán kún un, apá kẹta gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, àwọn apá méjì àkọ́kọ́ ló rìn dára ju apá kẹta lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìrìn fúnra rẹ̀ ni oògùn. Ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀nà kan láti lo oògùn náà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì jẹ́ ọ̀nà mìíràn.

Àwọn kan yóò bèèrè pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a tilẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ? Èsì wà. Àyẹ̀wò ọkàn tí Bruce gbé kalẹ̀ kò ṣeé fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ rọ́pò, nítorí pé wáyà gbọ́dọ̀ wà láyà aláìsàn, òkè gbọ́dọ̀ máa ga ní ìwọ̀n tí a mọ̀, ojú dókítà sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì rí i lójú kọ̀ǹpútà pé ẹsẹ̀ òsì aláìsàn ń lo ìdajì àkókò tí ti ọ̀tún ń lò nílẹ̀, yóò mọ ohun tó yẹ kí ojú rẹ̀ máa wá nígbà tí kò bá sí kọ̀ǹpútà. Ìwádìí tí àwọn olùkọ́ wa bá fẹ́ gbé jáde náà nílò ohun èlò tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbòmíràn yóò gbà gbọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó wá. Ṣùgbọ́n bí yóò ti wá ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò ṣeé fò. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní UCH, Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1957, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń gbé aláìsàn lọ, ni iléeṣẹ́ IBEDC já iná rẹ̀ lórí gbèsè ní oṣù kẹwàá 2024, òkùnkùn náà sì wọ oṣù kejì 2025 kó tó tán. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí UCH, ta ló fẹ́ fọwọ́ sọ̀yà pé kò lè ṣẹlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́? Owó iná tí ẹ̀rọ ìrìn ń jẹ kọ́ ni ìṣòro tó wà níbẹ̀. Mọ́tò ẹ̀rọ tó lágbára ẹṣin mẹ́ta kì í sábà jẹ ju nǹkan bí ìwọ̀n iná 2.2 lọ ní wákàtí kan. Pẹ̀lú ₦225 tí wọ́n sọ owó iná Band A dà ní oṣù kẹrin 2024, wákàtí kan jẹ́ nǹkan bí ₦500. Ìṣòro ni kí iná lọ nígbà tí aláìsàn wà lórí rẹ̀, kí rọ́bà dúró gbìì lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá arúgbó tí kò lè dá dúró. Èkejì ni iná tó ń lọ sókè sódò, tó máa ń jó bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ náà. Gbogbo wa la mọ ohun tí irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe fún fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n wa. Ẹ̀rọ ìrìn kò le ju fíríìjì lọ níwájú iná búburú. Ohun tí yóò tọ́jú rẹ̀, ìyẹn bátìrì tí yóò gbà á nígbà tí iná bá lọ, sítébiláísà gidi àti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, gbọ́dọ̀ wà nínú owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn iná ni owó ilẹ̀ òkèèrè. Òkè òkun ni irú ẹ̀rọ yìí ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń tà á. Ká ní iye tí wọ́n pè é jẹ́ dọ́là 10,000. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, ìyẹn kò tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ, ó ti tó mílíọ̀nù 15. Ẹ̀rọ kan náà, dọ́là kan náà. Rọ́bà rẹ̀ tó bá gbó àti bọ́ọ̀dù rẹ̀ tó bá jó yóò máa gba ọ̀nà kan náà wá. Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba ti ń kú sí ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe máa ń ṣe é: kọmíṣọ́nnà á gé ríbọ́ọ̀nù, ọ̀gá yunifásítì á sọ̀rọ̀, àwa oníròyìn á ya fọ́tò, a ó jẹ ráìsì, a ó sì lọ. Oníròyìn tó máa padà lọ lẹ́yìn ọdún méjì láti wò ó bóyá ohun náà ṣì ń yí kò pọ̀.

Ta ni yóò wá máa tún un ṣe? Lójú tèmi, ibí yìí ni Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. LAUTECH jẹ́ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó ń kọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn onímọ̀ iná. Ẹ̀rọ ìrìn kò ju mọ́tò, àgbá méjì tó ń yí, pátákó, rọ́bà àti bọ́ọ̀dù tó ń darí wọn lọ. Pátákó náà ń fẹ́ òróró lásìkò, rọ́bà ń fẹ́ kí wọ́n fà á le. Kò sí ìdí tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kò fi lè ní akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ yóò jẹ́ láti tú u palẹ̀, kí ó sì tò ó padà. Àgbékọ́ irin tí wọ́n fi ń so aláìsàn rọ̀, tó ń jẹ́ ká pe ẹ̀rọ náà ní ti ìtọ́jú, kò ju irin, okùn àti ìgbànú lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa tó ń jó irin lè ṣe é bí onímọ̀ ẹ̀rọ bá wọn ya àwòrán rẹ̀, tó sì dán an wò pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì kí ènìyàn tó gun orí rẹ̀. Ẹni tó bá ń tà á fún wa gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nínú ìwé àdéhùn pé òun yóò kọ́ wa ní àtúnṣe rẹ̀, òun yóò sì fún wa ní ìwé àlàyé tó ní àwòrán inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùtajà kì í fẹ́ ṣe èyí, nítorí pé orí àtúnṣe ni wọ́n ti ń jèrè. Ẹni tó bá kọ̀, ká wá ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò gbé e sí náà ṣe kókó. Àjọ TETFund, tí owó orí àwọn iléeṣẹ́ ń bọ́ láti 2011, kì í fún yunifásítì aládàáni lówó. Ti ìjọba nìkan ló ń rí i gbà. Nítorí náà, LAUTECH àti Emmanuel Alayande lè bèèrè, Bowen kò lè bèèrè. Bí a bá wá fi í sílẹ̀ kí oníkálukú máa du tirẹ̀, ọ̀kan yóò wà ní Ọ̀yọ́ láìsí aláìsàn tí yóò gun un, aláìsàn yóò sì kún Bowen láìsí ẹ̀rọ. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí ó wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí aláìsàn àti akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti pàdé, kí wọ́n sì kọ ìwé àdéhùn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bowen, ti Alayande àti ti SPED yóò máa wá ní ọjọ́ tiwọn. Yóò gba ìrẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. A ò gbàgbé pé awuyewuye láàrin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun lórí LAUTECH, tó parí ní 2020 nígbà tí Ọ̀yọ́ gbà á pátápátá, wà lára ohun tó jẹ́ kí yunifásítì náà wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù láàrin 2016 àti 2017. Ẹ̀rọ tó bá wà nínú yàrá títì fún ọdún kan, eku ló máa ń jogún wáyà rẹ̀.

Èyí tó jẹ akọ̀ròyìn yìí lógún jù ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́. Aláìsàn tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tọ́jú ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì yóò padà sí Ìlujù. Kò sí rọ́bà tó ń yí níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa ló wà níbẹ̀, ìloro tó ga ju ilẹ̀ lọ, àga onígi, ọ̀pá, àti ọmọ-ọmọ tó ń sáré kiri. Owó ọkọ̀ láti máa padà wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kò rọrùn láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023. Epo tó wà lábẹ́ ₦200 nígbà náà fo kọjá ₦1,000 ní 2024. Àgbẹ̀ tí ìdajì ara rẹ̀ ti kú, tí kò sì lè dé oko, níbo ni yóò ti rí owó yẹn? Físíò tí kò bá mọ ju bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ lọ kò wúlò fún un. Èyí tó bá kọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, tó sì mọ bí yóò ṣe fi ògiri ilé, àga àti ọmọ-ọmọ yẹn ṣe é ní àgbàlá bàbá náà, òun ló kàwé fún wa. Kí ó sọ fún ọmọ náà pé kó máa ka ìṣísẹ̀ bàbá àgbà láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí à ń kọ́ ní iṣẹ́ yìí ló ń wo Ìlú Ọba àti Kánádà. Èmi kò lè dá wọn lẹ́bi, ojúgbà mi ni wọ́n, mo mọ ohun tí owó oṣù ń rà. Bí a bá fi ẹ̀rọ ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ wọn, ilé ìwòsàn tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wọn yóò mọ́, ìyẹn sì wà lókè òkun. Bí a bá fi abúlé kún ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n lo oṣù díẹ̀ ní Ìlọrà tàbí ní Gámbàrí kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì gba díẹ̀ lára wọn síṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kadà àti owó epo, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan dúró. Ìyẹn ni ohun tí ìwádìí Amẹ́ríkà ti 2011 ń sọ bí a bá kà á dáadáa: ẹni tó mọṣẹ́ ló lọ bá aláìsàn nílé ní ìgbà 36. Ìtọ́jú ilé kì í ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́, ẹsẹ̀ ẹni tó mọṣẹ́ ló ń ná wa lówó níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìwé owó irú ẹ̀rọ yìí bá dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn tàbí iwájú àwọn alákòóso yunifásítì, kí wọ́n wò ó bóyá owó bátìrì àti oòrùn wà nínú rẹ̀, bóyá orúkọ ẹni tí yóò máa tún un ṣe wà níbẹ̀, bóyá owó olùkọ́ àti owó ọ̀kadà físíò abúlé wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.

Ohun kan wà tí kò ní dúró de ìwé owó. Àyẹ̀wò kan wà tí àwọn físíò mọ̀ kárí ayé, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà ni. Aláìsàn yóò rìn lọ, yóò rìn bọ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn tó mítà 30, físíò yóò fi aago ọwọ́ ka ìṣẹ́jú, yóò sì kọ iye mítà tó rìn sílẹ̀. Bó bá padà wá lẹ́yìn oṣù kan, wọn yóò tún un ṣe, nọ́ńbà méjèèjì yóò sì sọ bóyá ó ń sàn. Kùn tí wọn yóò fi fa ìlà méjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò wọ́n, aago sì wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí nọ́ńbà aláìsàn agbègbè wa ti wà nínú ìwé kí ẹ̀rọ tó dé.